Káàbọ̀ Tí Màmá Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ará Agége tí ẹ ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi góòlù ṣe ọ̀ṣọ́ sára ilé ní Dubai, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀. Mi ò rí góòlù. Bí mo bá rí i pàápàá, mi ò ráyè wò ó, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lọ síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ilé gíga, kó lọ wò ó lórí fóònù. Ohun tí ojú èmi rí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe rí gan-an ni mo sì máa sọ ọ́. Ẹ kúkú ti mọ̀ mí, ìdí mi kì í gbé ojú kan, ẹnu mi náà kì í gbé ojú kan.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Bọ́sẹ̀ oníbúrẹ́dì ni mí. Ẹ̀yìn ilé wa ni ààrò búrẹ́dì mi wà, ọ̀dọ̀ mi sì ni màmá wa ń gbé. Màmá yìí ní àṣà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Láti ọjọ́ tí Bùrọ̀dá Kọ́lá, àkọ́bí wọn, ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Amẹ́ríkà, màmá kì í kí ẹnikẹ́ni káàbọ̀ mọ́. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrìn." Bí o bá ti ọjà dé, "Ẹ kú oòrùn." Bíṣọ́ọ̀bù wa wá kí wọn lọ́dún kan, "Ẹ kú ìrìn, sà." Èmi tí wọ́n bí lọ́mọ, bí mo bá ti Ìbàdàn dé, "Ṣé o rọra rìn?" ni tèmi. Wọ́n ní ẹnì kan làwọn fi káàbọ̀ pamọ́ dè, bí àwọn bá ń ná an fún gbogbo ayé, kí ló máa kù nígbà tó bá dé? Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ara ogbó ni. Kò séyìí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ọmọ wọn ló ń dùn wọ́n.

Bùrọ̀dá ò rí ìwé ìgbélùú gbà ní Amẹ́ríkà fún ọdún gbọọrọ, wọn ò sì lè jáde. Ìgbà tí wọ́n wá rí gíríìn káàdì gbà, tí màmá ti ra aṣọ tuntun sílẹ̀, ni òfin ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí ojú ọjọ́. Lónìí wọ́n á ní ọmọ ìlú báyìí ò gbọdọ̀ wọlé mọ́, lọ́la wọ́n á fi ìlú míì kún un. Lọ́yà wọn ní kí wọ́n má dábàá Nàìjíríà rárá. Níkẹyìn Bùrọ̀dá pè mí, wọ́n ní bí àwọn bá máa fi orí la ikú, àwọn lè dé Dubai fún ọ̀sẹ̀ kan. "Gbé màmá wá pàdé mi níbẹ̀."

Dókítà ní ọkàn màmá ò lè gba ọkọ̀ òfuurufú. Ni màmá bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

"Ìwọ lọ," ni wọ́n ní. "Bá mi mú un wálé. Wọ́n ní Dubai sí Èkó ò jìnnà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, Bọ́sẹ̀. Má kí i káàbọ̀. Bó ti wù kó rí. Tèmi ni."

Mo ní mo gbọ́. Mo yan búrẹ́dì, mo dì í mọ́ aṣọ, mo gbéra.

Ibùsùn àyágbé

Nígbà tí ilẹ̀kùn pápákọ̀ Dubai ṣí, ooru gbá mi lójú. Ẹlòmíì ì bá pariwo. Èmi mọ ooru yẹn dáadáa, òun ló máa ń jáde bí mo bá ṣí ààrò wò kí búrẹ́dì tó jinná. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ṣé ibi tí gbogbo yín ń sáré wá nìyí, inú ààrò?

Làtífá ló wá pàdé mi. Ọmọ ará ilé ẹ̀yìn wa ni, ẹ̀yin kan mọ ìyá rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha ló ti ń tún yàrá ṣe, ṣùgbọ́n Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, ló ń gbé, torí ilé Dubai ò ṣeé sún mọ́. Bedspace ni wọ́n ń pe ohun tó yá. Wọn ò yá ọ ní ilé, wọn ò yá ọ ní yàrá, ibùsùn lásán ni. Wọ́n á ta kọ́tìnì yí i ká, ilé rẹ dé nìyẹn. Ẹni tó ni ibùsùn òkè ti Làtífá lọ ìsinmi sílùú wọn, òun ló ní kí n sùn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èmi, ìyálọ́jà búrẹ́dì, ń gun àkàbà lọ sùn bí adìyẹ.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ́ o. Wọ́n mọ́ jù wá lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn kì í kí ara wọn. Ọmọ Uganda kan wà, ọmọ Philippines kan wà, ọmọ Ghana kan wà. Wọ́n á jí, wọ́n á fa kọ́tìnì, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá bí òjìji. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o!" Wọ́n wò mí. Làtífá ní, "Àǹtí, ẹ rọra. Òmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni." Mi ò rọra. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí wọn, títí ọmọ Uganda fi dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn kọ́tìnì rẹ̀ pé, "Morning, Mama Bread." Ó ti gbóòórùn ẹrù mi.

Mi ò lè jókòó sínú kọ́tìnì. Bí Làtífá bá ti lọ síbi iṣẹ́, màá jáde. Màá rìn dé Rolla, àdúgbò ọjà ní Sharjah, màá yíwọ́ padà, màá tún jáde. Gbogbo ènìyàn ló ń pè mí ní sister, ẹlòmíì ní Mama. Awakọ̀ taksí ọmọ Pakistan kan bi mí láti ibo, mo ní Nàìjíríà, ó ní, "Nigeria good! Football!" Kò sọ nǹkan míì. Mo bọ́ọ́lẹ̀ tán ni mo rántí pé èmi náà ò bi í ní nǹkan kan nípa ìlú tirẹ̀.

Ẹ kú ìrìn

Ọjọ́ tí Bùrọ̀dá máa dé, èmi àti Làtífá dúró sẹ́nu ọ̀nà tí àwọn èrò ń gbà jáde. Mò ń wá ọkùnrin tó máa ń gbé mi kọ́rùn nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá arúgbó kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì òtútù, tí irun rẹ̀ ti funfun bí ìyẹ̀fun, ló dúró níwájú mi. Ó jẹ́ kí báàgì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ẹ kú ilé o!"

Ohùn yẹn ò tíì yí. Àwọn èèyàn bojú wẹ̀yìn. Omi bọ́ lójú mi, ẹnu mi sì là fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá tòde dé á kí ará ilé kú ilé, ará ilé á ní káàbọ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń rò kí a tó sọ. Kí ènìyàn ju kú ilé sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má he é, ó burú jáì. Káàbọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gé e jẹ.

"Ẹ kú ìrìn, Bùrọ̀dá."

Làtífá ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ti ń kúnlẹ̀ pé, "Ẹ káà—" Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. "Yéè! Ẹ... ẹ kú ìrìn, sà."

Bùrọ̀dá wò mí, wọ́n wo Làtífá. "Ẹ kú ìrìn? Mo ti dé, ẹ ní ẹ kú ìrìn?"

"Ṣebí ẹ ṣì wà lórí ìrìn ni," ni mo fèsì, mo fi ẹ̀rín tí kò ladùn bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé báàgì wọn. Láti pápákọ̀ dé Al Barsha, fèrèsé metro, ọkọ̀ ojú irin wọn, ni wọ́n kọjú sí. Mo gbé búrẹ́dì lé itan, Làtífá sì ń sọ sí mi létí pé bí mo bá gé e jẹ pẹ́nrẹ́n nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n á bu owó ìtanràn lé mi. Ìlú wo ni ebi ti máa ń dẹ́ṣẹ̀ báyìí?

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo tú aṣọ tí mo fi di búrẹ́dì. Bùrọ̀dá gbé e sójú, wọ́n fi imú fà á bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun. Wọn ò wá ọ̀bẹ. Wọ́n fi ọwọ́ bù ú, wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, ọwọ́ kejì wà lára fóònù, wọ́n ń wo ìròyìn Amẹ́ríkà. Tẹlifíṣọ̀n náà wà ní títàn. Wọ́n dìde, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde. Mo ti rò pé èmi ni aláìlèjókòó ìdílé wa.

"Kí lẹ ń wò gan-an?"

"Òfin," ni wọ́n ní. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yí láti ìgbà tí mo wọ ọkọ̀."

Gul

Ojúlé kan wà nítòsí Rolla tí mi ò lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kí n má dúró. Ilé búrẹ́dì ni. Ará Afghanistan ló ni ààrò náà, Gul lorúkọ rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni ààrò wọn wà, ó rí bí kànga. Á tẹ ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ, á na ọwọ́ sínú iná, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ààrò. Mo dúró wò ó títí ó fi bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni mo fẹ́. Mo nawọ́ mi sí i. Ó rí àpá iná tó wà lápá mi, ó na tirẹ̀ náà sí mi. Láti ìgbà náà, ó ń fún mi ní èyí tó gbóná jù, á fi tíì karak oníwàrà lé e. Kò fẹ́ gbowó, mo sì ń fi ipá fún un.

Mo mú Bùrọ̀dá lọ síbẹ̀. Inú mi dùn, mo ní, "Gul, my brother. From America."

Gul nu ọwọ́ ìyẹ̀fun mọ́ aṣọ. Ó sọ fún wa pé òun ti bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ nílùú òun, òun ló ń túmọ̀ èdè fún wọn. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á kó òun lọ. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ, ó wà lẹ́yìn géètì pápákọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó sá wá sí Sharjah, ó ń retí. Wọ́n ń sọ fún un pé ọ̀ràn rẹ̀ ti sún mọ́, ìjọba yí padà, ó tún jìnnà.

"I wait for Amerika," ni Gul ní. "My mother, she wait for me. Mother finish. Amerika..." Ó gbọn ìyẹ̀fun dànù lọ́wọ́. "Khalas." Ìyẹn ni pé, ó parí. Ìyá rẹ̀ ti kú dè é.

Ó wá wo Bùrọ̀dá bí ọmọ iléèwé ṣe ń wo tíṣà. "Sir, is true? They close the door?"

Bùrọ̀dá ní àwọn ò mọ̀. Gul fún wọn ní búrẹ́dì gbígbóná, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ pẹ́. Bí a ṣe kúrò níbẹ̀, Bùrọ̀dá di búrẹ́dì náà mú, wọn ò jẹ ẹ́, àfi ìgbà tó tutù.

Ohun tí Bùrọ̀dá sọ

Ojoojúmọ́ ni mò ń mú ọ̀rọ̀ Èkó wá sẹ́nu, tí mo sì ń gbé e mì. Dípò bẹ́ẹ̀, mò ń bi wọ́n nípa Amẹ́ríkà. Ọ̀sán kan, a wà níbi tí wọ́n ti ń ta biriani lẹ́yìn hòtẹ́ẹ̀lì. Àwo ìrẹsì náà tó fún ìdílé kan. Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìlú kékeré ni wọ́n ń gbé, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dale ló múlé tì wọ́n. "Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà," ni Bùrọ̀dá ní. "Ọdún tí èèyàn dúdú kọ́kọ́ di ààrẹ wọn, Dale ò dìbò fún un, ó sọ ọ́ sí mi lójú. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó rìn wá bá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní 'Congratulations.' Bọ́sẹ̀, bí ẹni pé èmi ni mo wọlé ìbò!"

"Kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní thank you. Kí ni kí n sọ?"

A rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó ń gbé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí Bùrọ̀dá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tí Dale ti ń ṣiṣẹ́ kógbá wọlé. Ọmọ Dale ń lo oògùn ìrora, oògùn náà ló pa á. Bùrọ̀dá àti Fúnmi ìyàwó wọn se ìrẹsì lọ bá a kẹ́dùn. "Ó jẹ ẹ́, ó ń sunkún. Mi ò mọ ìgbà tó yí padà. Àsíá kan yọ níwájú ilé rẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó wá di pé bí mo bá kí i, á wo ẹ̀gbẹ́. Ọdún tí àwọn ọlọ́pàá pa ọkùnrin dúdú kan tí gbogbo ayé sì rí i lórí fóònù, Túndé ọmọ mi gbé páálí, ó jáde sí títì. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ọmọ-ọmọ Dale. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, Dale dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ohun kan náà là ń rò: ṣé ọmọ yìí á padà wálé?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ti ta lẹ̀yin ń ṣe?"

Bùrọ̀dá fi ṣíbí ro ìrẹsì. "Má bínú sí mi. Nígbà tí àwọn olóṣèlú kan ń pariwo pé àwọn máa lé ẹni tí kò níwèé, mo pàtẹ́wọ́."

"Ẹ ṣe kí ni?"

"Mo ti níwèé nígbà yẹn."

"Bùrọ̀dá! Ṣebí ẹ̀yin náà ò níwèé títí irun yín fi funfun!"

"Ohun tí Túndé sọ gan-an nìyẹn. Ó ní, 'Dádì, ẹ̀yin ni wọ́n ń bá wí.' Mo pariwo mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, káàárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan là ń bá ara wa sọ." "Láìpẹ́ yìí, àwọn agbófinró dé ẹnu ibi iṣẹ́ wa. Wọ́n mú Marie, ọmọ Haiti, tí a jọ ń wẹ̀ àwọn arúgbó. Ìyá òyìnbó kan wà tí Marie máa ń di irun rẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ ló ń bi mí, 'Where is Marie?' Mo ní ó lọ ìsinmi. Ní gbogbo òwúrọ̀ ni mò ń purọ́ fún un."

Biriani náà tutù. Mi ò lè dárúkọ Èkó lọ́jọ́ náà.

Létí omi

Làtífá ní ọjọ́ ìsinmi, ó ní kò yẹ kí a wá Dubai kí a má dé Marina. Ilé gíga yí omi ká, àwọn ọkọ̀ ojú omi funfun tò síbẹ̀, àwọn èèyàn ń rìn bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Làtífá lọ ra omi tútù fún wa. Èmi bù lára búrẹ́dì Gul, mo ń jù ú sí àwọn ẹyẹ.

Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn wa: "Excuse me. Hello!"

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ sekúríítì ló ń bọ̀. Kí n tó yíjú padà, Bùrọ̀dá ti gbé ọwọ́ wọn méjèèjì lé irin ẹ̀bá omi, wọ́n ya gbogbo ìka wọn bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Wọn ò mira. Ojú wọn wà lórí omi.

"Madam, please, no feeding the birds," ni ọkùnrin náà ní.

"Bùrọ̀dá," ni mo ní. "Ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Búrẹ́dì ni. Ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni."

Ọwọ́ yẹn ò kúrò níbẹ̀. Mo ní láti fi ọwọ́ mi ká ìka wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ ohun tí ojú wọn ti rí tí wọn ò sọ fún wa lórí fóònù.

Sekúríítì náà ti gbọ́ èdè. Ojú rẹ̀ tàn. "Ah-ah! Ará ilé ni yín! Mọ́mì, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Bàbá, ṣé kò sí wàhálà?" Ó dọ̀bálẹ̀ tààrà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Ẹ káàbọ̀ sí Dubai o, sà!"

Háà! Mo fẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó ti bọ́. Bùrọ̀dá wo ọkùnrin náà, omi lé ròrò sójú wọn. Nígbà tó lọ tán, wọ́n yíjú sí mi.

"Sekúríítì ló kí mi. Ẹni tí mi ò mọ bàbá rẹ̀. Bọ́sẹ̀, kí ni mo ṣe fún ẹ? Nígbà tí mo gba ìwé, mo lọ sí London fún ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi kan. Bí mo ṣe padà dé Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ibodè wo ìwé mi, ó ní 'Welcome home.' Ṣé o mọ̀ pé mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sunkún? Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn, ẹnì kan kí mi káàbọ̀ sílé. Wọn kì í sọ ọ́ fún irú wa mọ́. Mo sọ lọ́kàn mi pé kò burú, mò ń lọ pàdé ọmọ ìyá mi. Ìwọ náà ò sọ ọ́."

Ara mi ò gbà á mọ́. "Màmá ló fi í pamọ́," ni mo ní. "Wọ́n ti fi í pamọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Wọn kì í kí ẹnikẹ́ni. Wọn ò kí bíṣọ́ọ̀bù. Wọn ò kí èmi. Wọ́n ní ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ kí, lẹ́nu ọ̀nà, ní Agége. Wọ́n rán mi pé kí n mú yín wá. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Bùrọ̀dá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí omi, àgbàlagbà, wọ́n bú sẹ́kún. Làtífá dé pẹ̀lú omi lọ́wọ́, ó rí wa, ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Wọ́n pe lọ́yà wọn níbẹ̀ gan-an. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní bí Bùrọ̀dá bá wọ Nàìjíríà lásìkò yìí, òun ò lè ṣèlérí pé wọ́n á jẹ́ kó padà wọlé. Ìwé Fúnmi ò tíì jáde, orí ìwé Bùrọ̀dá ló dúró lé. Bí ti ọkọ bá bàjẹ́, ti ìyàwó wó nìyẹn.

"O gbọ́," ni Bùrọ̀dá ní. "Bí mo bá lọ kí màmá, mo lè máà rí ìyàwó mi mọ́."

Inú bí mi. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ní, "Ṣé ẹ máa wá máa wò wọ́n lórí fóònù títí wọ́n á fi kú ni? Ṣé ẹ fẹ́ dà bíi Gul?" Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé mo ti sọ̀rọ̀ jù. Bùrọ̀dá ò bínú. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní àyè kí àwọn rò ó.

Ẹnu ọ̀nà Èkó

Ọjọ́ kan náà lèmi àti Bùrọ̀dá ń padà, èmi sí Èkó, àwọn sí Amẹ́ríkà. Wọn ò tíì sọ fún mi ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń wò bóyá àyè wà nínú ọkọ̀ Èkó. Àyè wà. Wọ́n á tún pa á dé.

Wọ́n sìn mí dé ibi tí àwọn èrò Èkó ti ń wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí. Obìnrin kan wọ aṣọ mẹ́ta léra torí pé ẹrù rẹ̀ ti wúwo jù. Ọkùnrin kan ń bá òṣìṣẹ́ jà lórí báàgì ọwọ́. "Habibi, it is small bag now! Small!" Àwọn kan ń fi òṣìṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ ní Yorùbá, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Bùrọ̀dá dúró láàárín ariwo yẹn, wọ́n pa ojú dé. Mo rí i pé ẹsẹ̀ wọn ń bá mi rìn. A sún mọ́ iwájú. Wọ́n ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní, Ọlọ́run, jọ̀ọ́.

Fóònù wọn dún. Túndé ni. Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà, ohùn òyìnbó, ó ń bi wọ́n pé, "Dádì, are you coming home?"

Bùrọ̀dá wo fóònù, wọ́n wò mí. "Sọ fún màmá pé..." Wọ́n fi orí wọn kan orí mi, wọ́n gbé báàgì, wọ́n gba ọ̀nà tiwọn lọ. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Àwọn èrò ń ti mí láti ẹ̀yìn pé, "Mama, yalla, yalla," ìyẹn ni pé kí n máa lọ.

Agége

Màmá ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀. Aṣọ tí wọ́n rà sílẹ̀ láti ọdún yẹn ni wọ́n wọ̀. Nígbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀, ẹ̀yìn mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò, bóyá ẹlòmíì ń bọ̀.

"Ẹ kú ilé, màmá."

"Ṣé o rọra rìn?" Wọ́n ṣì ń wo ẹ̀yìn mi. "Ó ti padà."

"Wọ́n ti padà, mà."

"O ò kí i káàbọ̀?"

"Rárá, mà."

"O ṣeun."

Wọn ò bọ́ aṣọ náà. Wọ́n jókòó síbẹ̀, oúnjẹ tutù, oòrùn ń yí. Mi ò lè jókòó, mo lọ wo ààrò, mo padà, mo tún lọ. Fóònù wá dún nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Bùrọ̀dá ni. Mo gbé e sí màmá létí.

"Ṣé o ti dé?" ni màmá ní.

Wọ́n ní àwọn ti dé. Wọ́n ní wọ́n mú àwọn wọ yàrá kan, wọ́n gba fóònù àwọn, wọ́n bi àwọn ní ìbéèrè títí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá àwọn sílẹ̀ ni. Túndé ti ń dúró níta látàárọ̀, kò lọ jẹun.

"Nígbà tí wọ́n dá ọ sílẹ̀, kí ni wọ́n kí ọ?"

Mo sún fóònù mọ́ màmá létí sí i.

"Wọn ò kí mi, màmá. Wọ́n kàn ní kí n máa lọ."

Màmá dìde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe rí, ẹ mọ ohun tó ná wọn. Wọ́n di férémù ẹnu ọ̀nà mú, wọ́n dúró ṣánṣán níbi tí ará ilé máa ń dúró sí.

"Kọ́láwọlé," ni wọ́n ní. "Káàbọ̀. Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìwọ àtìyàwó rẹ, àtọmọ rẹ. Ẹ káàbọ̀ sílé yín."

Àwa méjèèjì gbọ́ ẹkún Bùrọ̀dá. Láàárín ẹkún náà, mo gbọ́ ohùn tí kò yí láti ìgbà èwe wa: "Ẹ kú ilé, màmá."

Màmá fún mi ní fóònù, wọ́n wọlé lọ bọ́ aṣọ náà, wọ́n ká a, wọ́n ní kí n fi í sí àpótí.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tí àwọn oníná gbé àkàbà dé, wọ́n fẹ́ wá gé iná wa. Ẹ mọ èébú tí màmá máa ń bú wọn. Mò ń retí èébú. Mo wá gbọ́ ohùn màmá láti orí àga wọn, ó rọ̀ pẹ̀lẹ́ bí ohùn ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni mọ́.

"Ẹ káàbọ̀ o."

Ó ya ọkùnrin tó gbé àkàbà lẹ́nu, ó gbé e sílẹ̀. Mo nu ọwọ́ ìyẹ̀fun mọ́ aṣọ, mo lọ sẹ́yìn ààrò, mo sunkún.